Ìpolówó Ìyá Mi Tí Wọ́n Gbé Sínú Agolo

Wọ́n sin ọkùnrin kan ní ọdún tó kọjá. Wọ́n fi ìwé ìrántí rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ìwé dídán tó kún fún àwòrán, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ pé mo bá bàbá òun ṣiṣẹ́ rí nígbà èwe mi. Mo wọ awò ojú mi, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé olóògbé ni baba àwọn olùpolówó ọjà, pé òun ló fi ọpọlọ ara rẹ̀ ronú kan ìpolówó tíì tí tọmọdé tàgbà mọ̀ láyé ọjọ́un, èyí tó ní ilé kò jìnnà, inú agolo ló wà. Ẹni tó kọ ìwé náà kò tilẹ̀ fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo mú bíírò pupa, mo fi àmì sí i, nítorí pé iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe nìyẹn, ọwọ́ mi kò sì lè rí i kó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn yẹn, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: irọ́ ni.

Wọ́n á ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Mo ti gbọ́. Ìyá mi náà ti kú, ó sì ti pẹ́, kò sí ẹni tó tẹ ìwé dídán fún un.

Ẹ̀kọ ni ìyá mi ń tà ní téṣàn rélùwéè Ọ̀fà. Kí ọkọ̀ tó ń lọ sí òkè ọya tó fọn fèrè rẹ̀, àwọn ọlọ́jà á ti tò sórí pèpéle, kálukú pẹ̀lú igbá tirẹ̀. Ọkọ̀ kì í pẹ́ púpọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, ẹni tí ohùn rẹ̀ kò bá dé ojú fèrèsé kò ní tà. Ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ni pé lórí pèpéle yẹn, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ohun tó ń tà. Bí o bá ké pé "ọsàn rèé o", wọ́n á fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà pé ìyá rẹ kò kọ́ ọ. Ìyá ọlọ́sàn tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi ń ké ní tirẹ̀ pé, "Kànga inú èèpo! Ẹ wá fa omi!" Bẹ́ẹ̀ ni kálukú ní ìpolówó tirẹ̀. Ó dà bí ilà ojú, ti ẹni ni ti ẹni. Ọmọbìnrin kan wá láti Ẹ̀rìn-Ilé nígbà kan, ó sì fi ìpolówó ìyá ọlọ́sàn ta ọsàn tirẹ̀ ní ìparí pèpéle. Àwọn àgbà obìnrin mú un, wọ́n ní kó kúnlẹ̀ bẹ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kó tó tún gbé igbá. Ó kúnlẹ̀. Ó sunkún. Ó lọ wá tirẹ̀.

Ti ìyá mi nìyí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́:

Ẹni ń ràjò, mú ilé dání o!
Ilé kò jìnnà, inú ewé ló wà.
Bí ebi bá dé lọ́nà, tú u wò,
Ó gbóná bí ọwọ́ ìyá.

Ohùn rẹ̀ kò dùn lọ títí, ó há díẹ̀ lọ́fun, ṣùgbọ́n bó bá ti ké "mú ilé dání o", orí á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú fèrèsé. Mo rí sójà kan tó ra mẹ́fà nígbà tó jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Ẹ̀kọ yẹn ló rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́, òun ló rán mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ojú rẹ̀ sì ń tì mí. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi bi mí léèrè ohun tí ìyá mi ń ṣe, mo ní oníṣòwò ni, mo sì sọ ọ́ lọ́nà tí wọ́n á fi rò pé ó ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ọkọ̀ tó ń gbé wa bọ̀ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì bá gúnlẹ̀ sí Ọ̀fà, mo máa ń ṣe bí ẹni ń wá bàtà lábẹ́ àga, títí àwọn tó ń lọ síwájú á fi ra ẹ̀kọ tán kí n tó sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí mo parí kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí mo ń retí ìwé ibi tí wọ́n máa gbé mi lọ, ni mọ́tò funfun kan wọ ìlú. Òmìnira kò tíì dé, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, ẹni gbogbo ń fẹ́ dà bí ẹni tó ti dé ibì kan. Ìwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì wà lórí mọ́tò náà bí ìwo màlúù. Wọ́n gúnlẹ̀ sí gbangba iwájú ọjà, wọ́n sọ tábìlì kalẹ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé e, wọ́n to àga mẹ́rin yí i ká. Wọ́n gbé pátákó ńlá kan dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin tó wọ táì, ìyàwó tó wọ bàtà nínú ilé, ọmọ méjì tó mọ́ tónítóní, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí agolo kan. Èmi kò rí ìdílé tó ń rẹ́rìn-ín sí agolo rí títí di ọjọ́ náà.

Tíì ni wọ́n ń tà. Ní ìlú wa, ohunkóhun tó bá gbóná tó sì ní mílíìkì àti ṣúgà, tíì ni, ì báà jẹ́ kòkó ni wọ́n lọ̀ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ra agolo méjì, wọ́n á ní kó wá jókòó sí tábìlì. Wọ́n á bu ife kan fún un nínú ife tó ní àwo pẹlẹbẹ nísàlẹ̀, ọ̀gá wọn á sì gba ẹnu ìwo pè é ní Màdáàmù tàbí Ọ̀gbẹ́ni, gbogbo ọjà á máa wò ó títí ife á fi gbẹ. Lẹ́yìn náà á dìde, ẹlòmíràn á jókòó. Àwọn obìnrin tí kò jẹun níta rí láyé wọn, tí wọ́n máa ń kọjú sí ògiri bí wọ́n bá fẹ́ mumi, wọ́n tò lórí ìlà.

Bàbá àgbẹ̀ kan láti Ìjagbó ra agolo méjì tirẹ̀. Ó jókòó, ó mu tíì, ó dìde, ó sì gbé àga lé orí.

"Bàbá, níbo lẹ ń gbé àga lọ?" Ọ̀gá sáré tẹ̀ lé e.

"Ilé mi ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, a kò ta àga."

"Kí wá ni mo rà?"

"Tíì lẹ rà, Bàbá."

"Tíì bí ti báwo? Ṣebí mo tọ́ ọ wò. Ó korò díẹ̀, ó dùn díẹ̀, omi gbígbóná ni. Ta ni yóò fi owó iṣu rẹ̀ ra ìyẹn? Àga yìí ni mo sanwó fún."

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì fi ọwọ́ bo ẹnu bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nísinsìnyí tí mo dàgbà ju bàbá náà lọ, mo mọ̀ pé nínú gbogbo wa tí a wà níbẹ̀, òun nìkan lọ̀rọ̀ náà yé. Bí mo bá rí àwọn tó ń ta ìgbádùn àti ọlá nínú ike omi lóde òní, òun ni mo máa ń rántí, pẹ̀lú àga lórí.

Ọ̀gá náà ni wọ́n sin lọ́dún tó kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà náà, ó ga, ó fi òróró pa irun rẹ̀, kì í ṣe ará ìlú wa. Ó ń wá ọmọbìnrin tó kàwé tí yóò máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ilé-iṣẹ́ kọ fún un. Wọ́n júwe mi. Ó wá bá bàbá mi, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, bàbá mi gbà. Ó ń pè mí ní Sìsí Tíṣà, ó sì ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Kò sí ọkùnrin kankan tó fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí.

Gbólóhùn òyìnbó yẹn kò ṣe é túmọ̀. Mo gbìyànjú títí, ohun tó já sí ni "ìtọ́wò ìgbé ayé tó sàn jù". Mo sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Ìyá kan béèrè pé, "Sìsí, ṣé oògùn inú rírun ni?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n ń ká tábìlì, ọ̀gá sún mọ́ mi.

"Sìsí Tíṣà, ọ̀rọ̀ yìí kò wọ̀ wọ́n létí. Ẹ wá èyí tí wọ́n á gbé lọ sílé fún mi. Ilé-iṣẹ́ ń wá ohùn obìnrin tó máa lọ sí Ìbàdàn, sí ilé rédíò. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀yin ni."

N kò ronú rárá. Ó jáde lẹ́nu mi bí ìgbà tó ti wà níbẹ̀ tó ń retí ìpè. Mo fi "jayé" rọ́pò "ràjò". Mo fi "agolo" rọ́pò "ewé". Mo ní:

Ẹni ń jayé, mú ilé dání o!
Ilé kò jìnnà, inú agolo ló wà.

Ó yọ ìwé kékeré láti àpò, ó ní kí n tún un sọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Níbo lẹ ti rí eléyìí?"

Mo ní, "Mo rò ó ni."

Mo ti kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣe purọ́. Mo ti na àwọn mìíràn nítorí irọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni èmi fi pa tèmi. Láti ọjọ́ kejì ni ọkùnrin náà ti yí "ẹ" padà sí "o".

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ní ibi tí èrò pọ̀ sí ni téṣàn, kí a gbé mọ́tò lọ síbẹ̀ bí ọkọ̀ bá dé. Mo mọ̀ pé ìyá mi wà níbẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé inú rẹ̀ yóò dùn láti gbọ́ ohùn mi nínú ẹ̀rọ, pé yóò máa fi mí yangàn. Ènìyàn lè fi irú ọ̀rọ̀ báyìí tan ara rẹ̀ bó bá ń fẹ́ Ìbàdàn.

Ọkọ̀ wọlé. Láti inú mọ́tò, mo rí ìyá mi tó gbé igbá, tó ń rìn lọ sí fèrèsé àkọ́kọ́. Ó la ẹnu. Ọ̀gá fi ìka kàn mí léjìká. Èmi náà la ẹnu. Ohùn ọmọ àti ohùn ìyá pàdé lórí pèpéle lórí ọ̀rọ̀ kan náà, tọmọ sì bo tìyá mọ́lẹ̀ nítorí bátìrì ló gbé e. Àwọn èrò yọrí, wọ́n ń wá ibi tí ohùn ti ń bọ̀. Wọn kò wo ìyá mi. Ó yí padà díẹ̀díẹ̀, igbá rẹ̀ lórí, ó wo mọ́tò, ó sì rí mi.

Kò wá bá mi. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ fi lọ.

Láàárín oṣù kan, gbogbo ìlú ti gba orin náà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń fi í ṣeré. Bí ìyá mi bá ké "ilé kò jìnnà", àwọn ọ̀dọ́ tó wà lójú fèrèsé á parí rẹ̀ fún un: "Inú agolo ló wà!" Wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ìyá, ẹ dá orin oní-tíì padà fún wọn o, wọ́n á kó yín lọ sí kóòtù!" Ìyá ọlọ́sàn fẹ́ gbèjà rẹ̀, ó wá bà á jẹ́ sí i: "Ẹ má dá wọn lóhùn, Ìyá Tíṣà. Ṣebí ọmọ yín náà ló ń kọ ọ́ fún wọn, ọwọ́ kan náà ni." Àwọn àgbà obìnrin pèpéle kò mọ ohun tí wọ́n lè ṣe. Wọn kò lè ní kí mọ́tò kúnlẹ̀.

Ìyá mi dákẹ́. Ó ń gbé igbá lọ, ó ń gbé e bọ̀, kò ké mọ́. Ẹni tó bá béèrè ohun tó ń tà, á ṣí ìbòrí kó rí i. Ẹ̀kọ bẹ̀rẹ̀ sí í kù nínú igbá, a sì ń jẹ ẹ́ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́.

Mo rò pé ó ń bínú nítorí ọjà. Mo lọ bá a níbi tó ti ń sẹ́ ògì, mo kúnlẹ̀, mo ní kó má bínú, pé bí mo bá dé Ìbàdàn, kò ní nílò láti tà mọ́.

Kò gbójú sókè. "Nígbà tí o fún wọn, ṣé wọ́n béèrè ẹni tó ni ín?"

"Wọ́n béèrè, Ìyá."

"Kí lo wí?"

Ó fún aṣọ asẹ́ títí kò fi sí omi nínú rẹ̀ mọ́.

"O mọ̀ pé mo ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan," ó ní. "Wọn kò tíì bí ọ nígbà tó lọ sí Kùmásì. Láti téṣàn yẹn náà ló ti wọkọ̀. Ọmọdébìnrin ni mí, mo di ẹ̀kọ márùn-ún fún un. Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mú ilé dání.' Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ilé kì í gbé inú ewé. Mo ní, 'Inú ewé ló wà. Bí ebi bá dé lọ́nà, ẹ tú u wò.' Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní téṣàn nìyẹn pẹ̀lú. Ojú mi ti yí padà, tirẹ̀ náà á ti yí padà. Bó bá ń kọjá lọ lọ́jọ́ kan, kò ní dá ojú mi mọ̀, ṣùgbọ́n á dá ọ̀rọ̀ yẹn mọ̀. Òun ni mò ń pè. Àwọn tó ń ra ẹ̀kọ kàn ń dá sí i ni."

Mo ní, "Ìyá, n kò mọ̀."

"O kò béèrè," ó ní. "Bó bá gbọ́ ọ nísinsìnyí, tíì ni yóò rò."

Mo sáré lọ bá ọ̀gá ní ilé tó wọ̀ sí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dá orin náà dúró, mo ní ti ìyá mi ni. Ó ń wọ bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ń wọ̀ ọ́ lọ.

"Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé ìwọ lo rò ó? Èwo ni ká gbà gbọ́ báyìí? Ṣé ìyá rẹ kọ ọ́ sínú ìwé ni? Mo ti fi ránṣẹ́ sí Èkó, orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀." Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó ṣàánú. "Mú ìyá wá sí tábìlì lọ́la. Kò ní ra agolo kankan. A ó bu tíì fún un lọ́fẹ̀ẹ́, èmi fúnra mi á pè é ní Màdáàmù létí gbogbo ọjà."

N kò jíṣẹ́ yẹn fún ìyá mi. Ìbàdàn tí wọ́n ṣèlérí, ọmọbìnrin mìíràn ló lọ. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú rédíò. Ó ṣi "dání" pè.

Lẹ́yìn òmìnira ni ìwé mi dé, wọ́n gbé mi lọ kọ́ni ní òkè ọya. Ní ọjọ́ tí mò ń lọ, ìyá mi gbé igbá rẹ̀ bá mi dé téṣàn bó ṣe máa ń gbé e lójoojúmọ́. Mo jókòó sójú fèrèsé. N kò wá bàtà kankan lábẹ́ àga. Ó na ẹ̀kọ mẹ́rin sí mi, ó ní, "Jẹ ẹ́ kó tó tutù," ó sì ń kọjá lọ lábẹ́ fèrèsé yòókù láìsọ̀rọ̀. Àwọn èrò ń wò ó. Ọkùnrin kan ní, "Kí ni ìyá yìí ń tà? Ṣé odi ni?"

Mo rò pé mo lè tún un ṣe. Mo yọrí àti èjìká jáde lójú fèrèsé, èmi tíṣà, pẹ̀lú aṣọ tuntun mi, mo sì fi gbogbo ohùn mi ké e fún un:

"Ẹni ń ràjò, mú ilé dání o! Ilé kò jìnnà, inú agolo ló wà!"

Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn tó ti jáde tán. Inú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn mi pé kí ìyá bu tíì tòun wá, kí ó sì fi mílíìkì sí i. Mo tún la ẹnu láti sọ "ewé". Ọ̀rọ̀ náà kò wá.

Ìyá mi kò wẹ̀yìn. Ó fa ìbòrí bo igbá rẹ̀, ó rìn kọjá gbogbo fèrèsé títí ó fi dé ìdí ọkọ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ń so àwọn wágọ́nù ẹrù mọ́, tí kò sí ojú fèrèsé kankan, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú igbá lórí títí wọ́n fi fọn fèrè tí wọ́n sì gbé wa lọ.